Sí Ẹ̀yin Ọmọ Èkìtì Tó Wà Lájò

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Àbújá, àti ẹ̀yin tí òkun là wá láàárín, ní Lọ́ńdọ̀nù, Kánádà àti Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà òtútù. Mo máa ń rí i bí ẹ ṣe ń fi àwòrán iyán àti òkè wa sórí Facebook, tí ẹ ń kọ "Ilẹ̀ Iyì, Ilẹ̀ Ẹ̀yẹ" sábẹ́ rẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí i. Ọmọ tó bá ń tijú ilé baba rẹ̀, ibo ni yóò fẹ̀yìn tì? Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ilé tó bá mọ sórí àwòrán àti ọjọ́ àríyá kò lè gbé ilé ró, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé yìí.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ náà wà lára yín. Ẹni tó bá ti bá yín wọkọ̀ láti Èkó yóò ti rí i. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Iléṣà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n, atẹ́gùn á yí padà. Ẹni tó ti sùn láti Ìbàdàn á jí, á ṣí fèrèsé. Ẹni tó ti ń fi gẹ̀ẹ́sì dá ẹnìkejì rẹ̀ lóhùn á padà sí èdè ìyá rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Kí a tó dé Àrámọkọ, ọ̀rọ̀ á ti gba gbogbo inú ọkọ̀, wọ́n á ti máa bi ara wọn pé, "Ọmọ ta ni ọ́ ní Ìyìn?"

Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ lọ sájò. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú wa, ń fojú àwọn baba wa rí màbo, jagunjagun Fábùnmi dìde ní Òkè-Ìmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ogun Kírìjì nìyẹn. Ìró ìbọn ló fún un lórúkọ. Láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni àwọn ọmọ ogun ti dojú kọ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, 1886. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún yín ni ti àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó nígbà náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀. Àwọn kan nínú wọn, ẹrú ni wọ́n kó wọn lọ, Sàró (Sierra Leone) ni wọ́n gbà padà. Wọ́n ti di onígbàgbọ́, wọ́n ti di oníṣòwò. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ òkè kò kan àwọn mọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò bá wọn wí. Àwọn ni wọ́n ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Wọn kò fi ohun tó wù wọ́n ránṣẹ́. Ohun tí ilé ń ké fún ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Kí ni ilé ń ké fún lónìí? Owó kọ́ ni àkọ́kọ́. Ẹni tó mọ ilé ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ oko. Lóko wa, pèrègún la fi ń mọ ààlà. Àwọn baba ńlá wa gbìn ín sígun ilẹ̀ nítorí pé kì í kú bọ̀rọ̀. Igbó lè bò ó, iná ọ̀gbẹlẹ̀ lè jó o. Bí òjò bá ti rọ̀, á tún rú. Ṣùgbọ́n pèrègún kò lẹ́nu. Ẹnì kan ní láti dúró tì í kó wí pé: láti ibí lọ sídìí ìrókò tó wà lókè yẹn, tiwa ni, láti ibí sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, ti ìdílé báyìí ni, àwọn ló sì yọ̀ǹda kí a máa gba ibẹ̀ lọ pọnmi. Ìwé sọ́fè kò ní sọ ìyẹn fún yín. Ẹnu àwọn àgbà ló wà, àwọn àgbà sì ń lọ. Mo ti rí i tí ọmọ ń bá ọmọ ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ tí baba àwọn méjèèjì jọ ṣán láìjà, torí pé kò sí nínú wọn tó bá baba rẹ̀ dé ibẹ̀ rí. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ tún gbọ́ ti àáró. Lónìí, gbogbo ẹgbẹ́ á ya sóko tìrẹ, a ó kọ ebè títí oòrùn á fi wọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó di oko tèmi. Kò sówó níbẹ̀. Olóko ló ń wá oúnjẹ, iṣu sísun àti epo pupa lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń jẹ gbèsè rẹ̀ gbé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é lọ́nà tiyín. Kí ọ̀rẹ́ márùn-ún tí òbí wọn wà nílé jọ ṣe àdéhùn: ẹni tó bá lọ sílé lóṣù yìí á dé ọ̀dọ̀ òbí àwọn mẹ́rin tó kù, á jókòó, á wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, á wo òrùlé, á wo oògùn tí wọ́n ń lò. Lóṣù tó ń bọ̀, ó kan ẹlòmíràn. Fóònù kò lè fi hàn yín pé ìyá yín ti ń rù.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọ̀nà ń bà yín, kì í sì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì níhìn-ín, bí wọ́n ṣe ń ti ìpàdé bọ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n kó ọmọ iléèwé gbé ní Ẹmùrè. Ọba méjì! Ẹ má ṣe rin alẹ́. Ẹ bi ará ilé léèrè bí ọ̀nà ṣe rí kí ẹ tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oko tí a pa tì ni àwọn oníṣẹ́ ibi ń sá sí. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́ kì í rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ ilé ńláńlá tí olùṣọ́ nìkan ń gbé, tó jẹ́ pé Kérésìmesì àti ìsìnkú la fi ń ṣí i, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kí ẹ tó kọ́ òmíràn, ẹ dákun, ẹ tún òrùlé tí ìyá yín ń sùn sábẹ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ má sì torí ìfẹ́ ilé kórìíra àlejò. Púpọ̀ nínú iṣu tí ẹ ń fi iyán rẹ̀ yangàn, ọwọ́ àwọn Ìgbìrà tó ń bá wa gbé ló kọ ebè rẹ̀. Wọ́n mọ ilẹ̀ wa ju àwọn kan nínú yín lọ. Bí ẹ bá délé, ẹ kí wọn bí ẹ ṣe ń kí ará ilé, ẹ bi wọ́n léèrè bí oko ṣe rí lọ́dún yìí. Wọ́n á dá yín lóhùn dáadáa.

Nítorí náà, ẹ wá lákòókò tí kò sí ayẹyẹ, ìgbà ebè kíkọ tàbí ìgbà tí iṣu titun bá ń jáde. Ẹ mú bàtà tó le dání. Ẹ kó àwọn ọmọ yín wá, àti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, kó má di pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ibi tí ààlà wà. Ẹ ránṣẹ́ sí ìdílé tí a jọ pààlà kí àwọn náà wà níbẹ̀. Ẹ fi fóònù ya pèrègún kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ohùn àgbà tó ń sọ̀rọ̀ nídìí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ pè mí lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, kí n lè wá ẹni tí yóò ṣán ọ̀nà oko dè yín.

Èmi ni,
Bàbá yín nílé