Lẹ́tà sí Délé lórí àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì sinimá

Leicester,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Délé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí Màmá. Inú mi dùn pé iṣẹ́ abẹ ojú wọn yọrí sí rere. Táíwò ti parí ìdánwò rẹ̀, ara ìyá rẹ̀ sì le. Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ pé àwọn ọmọ Alàgbà ti ń wá ẹni tí yóò ra gbọ̀ngàn sinimá bàbá wọn, àti pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo ẹrù yàrá òkè dànù kí olówó tó wọlé. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O béèrè ohun tó ṣì wà lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn tí mo fi ń dààmú. Lẹ́ǹsì iwájú wọn ni, Délé, jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ọ.

Ṣé o rántí bí Alàgbà ṣe máa ń fi aṣọ àrán wé lẹ́ǹsì ISCO yẹn, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ìka kan ojú dígí rẹ̀? Ìlú Göttingen ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é. Ilé-iṣẹ́ Schneider ti Kreuznach, tí Joseph Schneider dá sílẹ̀ ní 1913, ló bí ISCO ní 1936. Ọmọ náà dàgbà, ó di olórúkọ, bàbá àtọmọ sì wá ń du ọjà ilé sinimá mọ́ ara wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́ǹsì Ultra-Star ń ti Göttingen bọ̀, Super-Cinelux ń ti Kreuznach bọ̀, ẹni tó bá sì ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun yóò gbé méjèèjì yẹ̀ wò, yóò béèrè iye wọn, yóò sì ná ọjà. ISCO ti padà sábẹ́ Schneider báyìí, oníbàárà kò sì lè fi ọ̀kan ná èkejì wò mọ́.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìlú Leicester tí mo ń gbé yìí gan-an ni Taylor, Taylor & Hobson ti ń ṣe lẹ́ǹsì láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kí J. Arthur Rank tó rà wọ́n ní 1946. Rank yìí kan náà ló ni ilé sinimá Odeon àti Gaumont, òun náà ló tún wá ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ sinimá Kalee ní Leeds, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe dígí, tó ń ṣe ẹ̀rọ, tó sì ni gbọ̀ngàn tí wọn yóò gbé wọn sí. Lónìí, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín ni Taylor Hobson ń ṣe; Cooke, tó jẹ́ orúkọ lẹ́ǹsì wọn látijọ́, ló dá dúró, tó ń ṣe lẹ́ǹsì fún kámẹ́rà sinimá. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nígbà tí 20th Century Fox gbé CinemaScope (síkóòpù tiwa, fíìmù tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ gan-an) jáde ní 1953, Bausch & Lomb ti ìlú Rochester ni wọ́n gbé iṣẹ́ lẹ́ǹsì rẹ̀ fún. Wo ara oògùn ojú tí wọ́n fún Màmá, ó ṣeé ṣe kí o rí orúkọ náà níbẹ̀, torí ìtọ́jú ojú ni wọ́n gbájú mọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n ti ìgbà tiwa yìí le ju tàwọn yẹn lọ, ohun tó sì fà á ni pé àwọn tó ń rà ló kọ́kọ́ dín kù. O mọ̀ pé gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 30 ló wà láàárín ẹ̀rọ àti aṣọ tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, tí aṣọ náà sì fẹ̀ ní mítà 10, lẹ́ǹsì tí nọ́ńbà ẹnu rẹ̀ súnmọ́ mìlímítà 63 ló yẹ fún fíìmù tí kì í ṣe síkóòpù. Bí a bá fi 50 síbẹ̀, àwòrán yóò tú dà sára ògiri. Bí a bá sì fi 80 síbẹ̀, aṣọ funfun yóò ṣẹ́kù lọ́tùn-ún lósì. Ìdí nìyí tí àwọn ará Jámánì fi ń ṣe é ní ìpele-ìpele, 45, 47.5, 50, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbọ̀ngàn káàkiri ayé sì ń ra èyí tó bá tiwọn mu. Nígbà tí dígítà dé, lẹ́yìn ìlànà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Hollywood fọwọ́ sí ní 2005, gbọ̀ngàn kò wá lẹ́ǹsì lọ mọ́. Ẹ̀rọ Barco tàbí Christie tàbí NEC ni wọ́n ń rà, lẹ́ǹsì kan tó lè sọ àwòrán di ńlá tàbí kékeré sì ń bá a wá. Lẹ́ǹsì ISCO tiwa kò lè ṣiṣẹ́ lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, torí pé dígí tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ló dúró sí àárín, ó sì di dandan kí lẹ́ǹsì lè ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn sí ibi tí àwòrán wà.

Bí àwọn oníbàárà tó pọ̀ bí yanrìn ṣe di iye tí a lè ka lórí ìka ọwọ́ nìyẹn, àwọn náà sì tún ń dín kù: Sony fi iṣẹ́ ẹ̀rọ sinimá sílẹ̀ ní 2020, Sharp sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ àwòrán NEC lọ́dún kan náà. Konica Minolta ti Japan, tó wà lára àwọn tó ń ṣe lẹ́ǹsì fún ẹ̀rọ dígítà, pàápàá jẹ́ ilé-iṣẹ́ méjì tó di ọ̀kan ní 2003. Ní ti fíìmù fúnra rẹ̀, Fujifilm dáwọ́ ṣíṣe èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé sinimá dúró ní 2013. Èmi kò dá Schneider lẹ́bi rárá, torí wọ́n di iṣẹ́ mú nígbà tí ọ̀pọ̀ kógbá sílé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé iṣẹ́ tó bá ti kù sí ọwọ́ ẹnì kan, ọjọ́ tí ẹni náà bá sọ pé ó rẹ òun ló parí.

Nítorí náà, Délé, mo bẹ̀ ọ́, lọ bá Dáwódù. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì kò tíì bára yín sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n tìẹ ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ tèmi láti ibi tí mo wà yìí. Bí wọ́n bá ta àwọn ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, wọn yóò wọn lẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ irin ni, wọn yóò fọ́ dígí inú rẹ̀ láti gba idẹ ara rẹ̀. Ẹ̀dà fíìmù àwọn àgbà bíi Hubert Ògúndé àti Adé Love, tí wọ́n ń gbé e kiri ìlú fúnra wọn, kò tíì tán nílẹ̀. Bí a bá rí ọ̀kan lọ́la, kí la ó fi wò ó?

Mẹ́rin ni wọ́n: ISCO kúkurú méjì, àti síkóòpù gígùn méjì tó ń fẹ àwòrán lójú. Iyekíye tí Dáwódù bá pè, sọ fún mi, n ó fi owó náà ránṣẹ́. Má ṣe fi kẹ́míkà kankan nù wọ́n. Fẹ́ eruku ara wọn kúrò, fi aṣọ òwú tó mọ́ wé wọn, kí o sì kó wọn sí ibi gbígbẹ nínú yàrá tìrẹ kí dígí wọn má baà bu. Nọ́ńbà tó wà ní ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ́kọ́ kọ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ èyí tó bá aṣọ gbọ̀ngàn ńlá mu àti èyí tó jẹ́ ti kékeré, torí Alàgbà nìkan ló mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Wálé