Sí Àjọkẹ́, lórí Jọ́mẹ́tírì Ìdíje

Òkè-Ìlewó,
Abẹ́òkúta.

Àjọkẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé lẹ́tà rẹ dé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Màmá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá búrẹ́dì lásán lo ṣì ń jẹ sùn. Jọ̀wọ́ dá a lóhùn, kí n lè rí ìsinmi nínú ilé yìí.

Mo yẹ iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o ṣe wò. Wọ́n tọ̀nà. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn, complex numbers (nọ́ńbà alápá méjì tó ń dúró fún ojú, ìyẹn point, kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán) lo kó tì wọ́n látòkè délẹ̀. Mú èyí àkọ́kọ́: onígun mẹ́ta ABC, igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò tó 90 dìgírì. Ìlà tó já tààrà láti A sórí BC kan án ní D; èyí tó já láti B sórí AC pàdé rẹ̀ ní H. Fa AD síwájú títí yóò fi kan róbótó tó gba A, B àti C kọjá, ní P. Wọ́n ní kí o fi hàn pé HD àti DP dọ́gba. Ojú ewé méjì gbáko lo fi ṣírò rẹ̀!

Wò ó báyìí. Igun PBC dọ́gba pẹ̀lú igun PAC, torí apá PC kan náà lára róbótó ni àwọn méjèèjì dojú kọ. PAC yẹn, 90 yọ igun C ni. HBC náà, 90 yọ C ni. Nítorí náà BD la igun HBP sí méjì ọgbọọgba, ó sì dúró ní 90 dìgírì lórí HP. Onígun mẹ́ta BDH àti BDP bára mu délẹ̀. Ó tán. Láti òní lọ, níbikíbi tí o bá ti rí H, ojú rẹ yóò máa wá P lórí róbótó. Ìṣirò olójú ewé méjì kò lè fún ọ ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.

Àmọ́ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń lo irinṣẹ́ ńlá bíi complex numbers. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo bá irú wọn pàdé. Igun ni wọ́n ń lé kiri títí agogo fi lù. Ìṣòro rẹ kẹrin, tí róbótó mẹ́ta ti gba ojú (point) kan náà kọjá, inversion ló yẹ ẹ́ lóòótọ́, ìyẹn ìyípadà tó ń gbé ojú tó sún mọ́ àárín lọ sọ́nà jíjìn, tó sì ń gbé tọ̀nà jíjìn wá sítòsí. O lò ó láti ojú náà, róbótó mẹ́ta di ìlà gbọọrọ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ sì yanjú. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an. Àwọn irinṣẹ́ ńlá wọ̀nyí kò kúkú jìnnà sí ilé. Tíọ́rẹ́ẹ̀mù tí Giovanni Ceva ará Ítálì tẹ̀ jáde ní 1678, lórí ìlà mẹ́ta tó ti igun onígun mẹ́ta wá pàdé lójú kan, ìwọ̀n inú (area) àwọn onígun mẹ́ta tí gíga wọn dọ́gba nìkan tó láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èyíkéyìí tí o kò bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ fúnra rẹ, má tíì gbé e wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ní Olympiad àgbáyé, ìdíje ìṣirò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìṣòro mẹ́ta ni lójúmọ́, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, máàkì 7 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi nǹkan bí ìdajì wákàtí ya àwòrán ńlá, kí o sì sàmì sí igun tó dọ́gba. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, bi ara rẹ pé báwo ni ojú (point) tí wọ́n ń bèèrè yóò ṣe rí bí o bá fi nọ́ńbà kọ ọ́ sórí ìwé. Bó bá ti ń dẹ́rù bà ọ́ kó tó dé, padà sídìí àwòrán. Ìṣirò tó dá dúró lágbedeméjì kì í sábà gba nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí o bá fi hàn pé ojú mẹ́rin wà lórí róbótó kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún ọ ní máàkì kan tàbí méjì.

Tún ìkejì àti ìkẹta ṣe láìlo complex numbers, kí o fi rán ẹ̀gbọ́n rẹ ní Sátidé. Kọ́ńpáàsì tuntun wà nínú àpò tó gbé wá. Kútọ̀ ni mo ti rà á. Tọwọ́ rẹ ti ń yọ̀, mo rí i lára àwọn róbótó rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.