Michael Collins wo nínú wọn, Ṣadé?

Dublin, ọjọ́ Àìkú

Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ilé ńkọ́? Bàbá Tọ́pẹ́ ńkọ́? Ṣé ara màmá ti le dáadáa? Àlàáfíà ni mo wà, àfi òtútù tí kò fẹ́ lọ bọ̀rọ̀.

Ìbéèrè rẹ lórí fọ́tò ọjọ́sí ló mú mi jókòó kọ ìwé yìí. O ní iṣẹ́ àmúrelé Tọ́pẹ́ dá lórí àwọn tó lọ sí òṣùpá, ó wá rí orúkọ Michael Collins lára òkúta sàréè tí mo fi ránṣẹ́, ó ní ṣé ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Rárá o. Èyí tí mo dúró ní ẹsẹ̀ sàréè rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ kí wọ́n tó bí èyí tí Tọ́pẹ́ ń wá.

Itẹ́ òkú Glasnevin ní Dublin níbí ni mo ti ya fọ́tò náà. Láti 1832 tí wọ́n ti ṣí i, èèyàn tí wọ́n sin síbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ sàréè tí mo gbà kọjá, ewédò ti bò wọ́n. Tirẹ̀ nìkan ni mo bá tí òdòdó tútù kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń ṣa èyí tó ti rọ sínú báàgì ọ̀rá, ó ń fi tuntun rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí ìyá náà, síbẹ̀ ńṣe ló ń ṣe é bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mi ò lè kúrò níbẹ̀ títí ó fi parí.

Ìwọ̀ oòrùn Cork ní Ireland ni wọ́n bí Collins yìí sí, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́jọ. Michael ni bàbá rẹ̀ náà ń jẹ́. Bàbá ọ̀hún ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n bí i, ọmọ ọdún mẹ́fà péré ló sì wà tí bàbá fi kú. Ní 1906 ó kọjá sí London, ó ń ṣe akọ̀wé ní báńkì ìfowópamọ́ ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìgbà tó padà wálé, ogun tí Ireland fi ń wá òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló bá lọ. Ní oṣù Kejìlá 1921, òun náà wà lára àwọn tó bu ọwọ́ lu ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì: county (ìpínlẹ̀) 26 ní Ireland gba ìjọba tiwọn, 6 tó wà ní àríwá kù sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ìwé yẹn ló pín àwọn tí wọ́n jọ jà sí méjì. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ 1922, wọ́n lúgọ dè é ní Béal na Bláth, wọ́n yìnbọn pa á. Ẹni ọdún 31 ni. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Kitty Kiernan, ń retí rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó bá jà ló pa á. Cork tí wọ́n bí i sí náà ló kú sí, lọ́wọ́ àwọn ọmọ Ireland bíi tirẹ̀.

Ó yá, ó kan Collins tó lọ sí òṣùpá, èyí tí Tọ́pẹ́ ń wá. Bàbá bàbá rẹ̀ ló kúrò ní Ireland lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Róòmù ni wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀, nítorí ṣọ́jà ni bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gbé e lọ. Sọ fún Tọ́pẹ́ kó má kọ ọ́ pé ó tẹ ilẹ̀ òṣùpá o. Ní oṣù Keje 1969, Armstrong àti Aldrin ló sọ̀ kalẹ̀. Collins dúró sínú ọkọ̀ Columbia, ó ń yí òṣùpá po lóun nìkan. Bó bá ti yí dé ẹ̀yìn rẹ̀, ìṣẹ́jú 48 ni kò fi ní gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láyé. Ẹ̀rù tó ń bà á láti oṣù mélòó kan ṣáájú ni pé kí ọkọ̀ àwọn méjèèjì má lè gbéra mọ́, kó wá di pé òun nìkan ló padà wálé. Ìgbà tí wọ́n ń gòkè bọ̀, ó ya fọ́tò ọkọ̀ wọn, ayé wa sì yọ lókèèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ṣadé, gbogbo èèyàn tó wà láàyè lọ́jọ́ náà ló wà nínú fọ́tò yẹn, àti ìyá rẹ, àti ìyá mi. Àfi ẹni tó yà á. Mo máa ń ṣí i wò bí mo bá parí iṣẹ́ òru. Ẹni 90 ọdún ló kú ní 2021.

Ẹlòmíì ṣì tún wà o: láti 2016 ni Michael Collins kan ti wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ireland, ìwọ̀ oòrùn Cork yẹn náà ló ń ṣojú fún.

Ó Coileáin ni orúkọ ìdílé yìí kí wọ́n tó sọ ọ́ di Collins lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ-ọmọ ni "Ó", ọmọ ajá sì ni "coileán". Má rẹ́rìn-ín; ajá ọdẹ níyì lójú àwọn àgbà wọn bó ṣe níyì lójú ọdẹ tiwa. Ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Kerry, ṣàlàyé fún mi pé lábúlé tí orúkọ kan bá ti pọ̀ jù, orúkọ bàbá àti ti bàbá bàbá ni wọ́n máa ń so mọ́ ọn: Seán Mháirtín Sheáin, ìyẹn Seán ọmọ Máirtín ọmọ Seán. Bí wọ́n ṣe ń ki èèyàn nílé wa ló sọ sí mi lọ́kàn. Collins ti Glasnevin pàápàá ní ìnagijẹ: Ọkùnrin Fìrìgbọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Ní wọ́ọ̀dù ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí oríkì. Lóṣù tó kọjá, ìyá méjì wà lọ́dọ̀ wa tí orúkọ wọn bára mu délẹ̀, Murphy ni àwọn méjèèjì. Mo ti gbé kóòpù oògùn dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá náà ti la ẹnu. Mo ní kó kọ́kọ́ sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ fún mi. 1938 ló pè. 1941 ló wà nínú ìwé ọwọ́ mi. Mo yí okùn ọwọ́ rẹ̀ wò, ó ní 1938. Oògùn ọkàn ìyá kejì ló wà nínú kóòpù yẹn. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí mo fi dé yàrá oògùn, mo sì ti ń béèrè lẹ́ẹ̀mejì látìgbà náà.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, jẹ́ kí Tọ́pẹ́ kọ ọjọ́ ìbí sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà nínú ìwé rẹ̀: ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1930. Ti Glasnevin ni ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 1890. Bí olùkọ́ bá dá a padà, kó o pè mí. Ọjọ́ Wẹ́sídeè mi ò ní lọ síbi iṣẹ́.

Bá mi kí màmá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bùnmi