Ìwé Tí Mo Bá Lábẹ́ Tìmùtìmù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó kù díẹ̀ kí n kọ lẹ́tà èébú sí àwọn atẹ̀wé Japan. Ọjọ́ kejì tí o padà sí ilé-ìwé ni mo bá ìwé mẹ́ta nínú Kimi ni Todoke, máńgà kan (ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan), lábẹ́ tìmùtìmù àga pálọ̀. Mo ṣí ọ̀kan, ibi tí ìtàn parí sí ni mo bá níbi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 29 ni mo ti fi tẹ̀wé ní Ṣómólú. Ọmọṣẹ́ tó bá di ìwé sódì báyẹn fún mi, owó rẹ̀ ni yóò fi san án. Ìgbà tí mo pe Fẹ́mi ẹ̀gbọ́n rẹ ní Lọ́ńdọ̀nù ló tó fi mí rẹ́rìn-ín pé bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn, láti ọ̀tún wá sí òsì. Ó jẹ́wọ́ pé òun lòun fi í ránṣẹ́ sí ọ. Mi ò bínú. Mo kàn ń rò ó ni pé bí ìwé bá dùn tó báyìí, kí ló dé tó fi ń sùn lábẹ́ tìmùtìmù?

Mo ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n mú iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ dúró, mo bá gbé àga síta, mo ń kà. Àwọn ọmọṣẹ́ rò pé ìwé gbèsè ni mo ń yẹ̀ wò, nítorí bí mo ṣe lejú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú oníṣẹ́ rí. Tàdáwà dúdú nìkan ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Òjìji inú rẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ eérú. Àmì tóótòòtó dúdú ni, ó kúnná bí iyanrìn, ojú ló ń tan ènìyàn jẹ. Ìyẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ohun tí mi ò rí rí ni àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Odindi ojú ewé, ọmọbìnrin kan ń wo ilẹ̀, òdòdó ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀, gbólóhùn ọ̀hún kò sì jáde lẹ́nu rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló wà. Oníbàárà Ṣómólú tó bá rí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ yóò ní mo fi pépà òun ṣòfò. Mo rò ó títí kó tó yé mi. Ní ọjọ́ orí rẹ, bí ẹnìkan bá wo ènìyàn fìrí, fìrí yẹn lè gùn tó odindi ọjọ́. Àgbàlagbà á ní kí o gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé yìí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ. Ó dúró tì ọ́.

Shōjo ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìyẹn ọmọdébìnrin. Inú ìwé ìròyìn tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù ni ìtàn ti ń kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó kó o jọ sí ìwé kékeré. Irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀, Nakayoshi àti Ribon ti wà láti nǹkan bí 1955, Margaret láti 1963. Ọkùnrin ló ń ya púpọ̀ nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó kà á dàgbà ló wá gba kálàmù lọ́wọ́ wọn. Machiko Satonaka kò ju ọmọ ọdún 16 lọ nígbà tó gba ẹ̀bùn ayàwòrán tuntun ní 1964. Ọmọ ọdún 15 ni ọ́. Mo sì ti rí àwọn ojú ńláńlá tí o ń yà sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ. (Ẹni tó bá ní ìwé aláwòrán kì í ṣe ìwé, má dá a lóhùn. Bàbá mi kò lè fi Atọ́ka sílẹ̀, fọ́tò àwọn òṣèré tíátà tí ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu wọn nínú róbótó funfun.)

Mo mọ̀ pé màmá rẹ ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Nígbà tí oyún rẹ wà nínú rẹ̀, kò jẹ́ kí n sùn nítorí eré Kòríà kan, Boys Over Flowers. Inú máńgà Yoko Kamio ni eré náà ti jáde wá, èyí tó bẹ̀rẹ̀ nínú Margaret ní 1992. Bó bá tún bú ọ, o ti mọ ohun tí wàá bi í. Má sọ pé èmi ni mo sọ.

Eré yẹn gan-an ló bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọmọ olówó inú rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ mú kí gbogbo ilé-ìwé máa fìyà jẹ ọmọbìnrin náà, kó tó wá ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Àwa tí à ń wò ó kò bẹ̀rù, torí wọ́n ti fi ọkàn rẹ̀ hàn wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú máńgà. Ọmọkùnrin á sún ọmọbìnrin mọ́ ògiri, á fi ọwọ́ gbá ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, kabedon: kabe ni ògiri, don ni ìró ọwọ́. Ọkàn òǹkàwé á yọ́, torí ó mọ̀ pé ojú ewé tó kàn ni wọn yóò kọ èrò ọmọkùnrin náà sí. Àbẹ̀kẹ́, níta níbí, kò sí ojú ewé tó kàn. Kò sí róbótó funfun lórí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó gbá ògiri yẹn nìkan ni wàá rí.

Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ ìwé dídì lọ́dọ̀ mi. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kì í kí ènìyàn. Á dúró sí títì, á máa fọn fèrè mọ́tò. Bínú bá bí i, á gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ náà á ní, "Ọ̀gá, ẹ ò mọ̀ ọ́n ni, inú rẹ̀ dáa." Ọdún méjì ló fi ń ka inú tí ẹnìkan kò kọ síta. Nígbà tó fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, ó ti fi eyín kan sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí Kazehaya, ọmọkùnrin inú Kimi ni Todoke rẹ yìí, fi wù mí. Sawako, ọmọ jẹ́ẹ́ tí irun bò lójú, tí àwọn ọmọ kíláàsì sọ ní Sadako, orúkọ òkú inú fíìmù ẹ̀rù, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì í. Ọmọkùnrin náà kàn ń kí i ni, bó ṣe ń kí gbogbo ayé. Ìwà nìyẹn, mo fojú rí i. Àmọ́ kì í ṣe òun ló gún mi lọ́kàn jù, Ayane àti Chizuru, àwọn ọ̀rẹ́ Sawako, ni. Nígbà tí àhesọ fẹ́ ya àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn nínú ìwé kejì, mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ kí àwọn ọmọṣẹ́ má baà wò mí.

Orúkọ ìdílé ni wọ́n fi ń pe ara wọn níbẹ̀. Kí ọmọkùnrin tó fẹnu pe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọbìnrin, ìtàn á ti rìn jìnnà. Ó yé mi. Láti ọjọ́ tí a ti bí Káyọ̀dé, màmá rẹ kò pe orúkọ mi mọ́. Ọjọ́ tó ṣèèṣì pè é, tí mo wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, gbogbo ara mi ló gbọ́ ọ.

Fẹ́mi ní ìwé 30 ni ìtàn náà, àti pé ó lé ní mẹ́jọ kí Kazehaya àti Sawako tó sọ ìfẹ́ ọkàn wọn fún ara wọn. Kokuhaku ni wọ́n ń pè é: ẹnìkan á dúró níwájú ẹnìkejì, á sọ ọ́ kedere, á sì dúró gbọ́ èsì. Ìṣíhùn tiwa ló rán mi létí. Alárinà lè rìn títí bàtà rẹ̀ yóò fi jẹ. Bí ọmọbìnrin kò bá tíì ṣíhùn, kò tíì sí nǹkan. Ohùn yẹn, tìrẹ ni. O lè ní rárá. O lè ní kó jẹ́ kí o parí WAEC ná. Kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa bó ṣe ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀yìn ìwé kejì ti ń tú, mo ti fi góòmù tún un ṣe. Orí ṣẹ́ẹ̀fù pálọ̀ ni mo tò wọ́n sí báyìí, lójú gbogbo ayé. Ó dá mi lójú pé ìwé kẹrin wà nínú àpótí rẹ níbẹ̀. Mú un bọ̀ bí ẹ bá gba ìsinmi. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Kurumi yẹn, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, ara ń fu mí sí i.

Èmi ni,
Bàbá rẹ