Hiroshima àti ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa tó lọ sí Bọ́mà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó bá ti Japan dé, eré tí reluwé wọn ń sá àti ìgboro tí kò ní pàǹtí ló máa ń ròyìn. Èmi náà rí ìyẹn ní Tokyo, ẹnu sì yà mí. Ṣùgbọ́n Hiroshima ni ọkàn mi ṣì wà.

Ilé kan wà létí odò níbẹ̀ tí wọn ò tún kọ́, tí wọn ò sì wó. Bí àdó olóró átọ́míìkì ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945 ló ṣe wà: ògiri rẹ̀ ti là, egungun irin nìkan ló kù lórí òrùlé rẹ̀. Nínú ọgbà tó kọjú sí i, iná kan ń jó láti 1964. Ọjọ́ tí irú àdó bẹ́ẹ̀ bá tán láyé ni wọ́n láwọn máa tó pa á.

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ló dá mi dúró nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Shinichi Tetsutani ló ni ín, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Orí kẹ̀kẹ́ náà ló wà nígbà tí àdó bú, kò sì rí alẹ́ ọjọ́ náà lò tán. Bàbá rẹ̀ sin òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ilé, torí pé ọmọ náà kéré jù láti dá sùn sí ibojì ọ̀nà jíjìn. Ní 1985 ló wú u, tó kó egungun ọmọ lọ sí ibojì ẹbí, tó sì gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ìlú. Ó ti dípẹtà, ó ti wó. Ọmọ bíbí inú tèmi náà ní irú rẹ̀ nílé. Mi ò lè tètè kúrò níbẹ̀.

Níta, àwọn ọmọ ilé-ìwé yí mi ká pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ bi mí níbi tí mo ti wá. Ọ̀kan fún mi ní ẹyẹ tó fi bébà ṣe. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń mú àlejò yípo ọgbà náà gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Mo sọ fún un pé bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá Japan jà ní Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Bàbá náà ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Ó wá bi mí pé: “Kí ni wọ́n sọ fún yín nípa ogun náà?”

Ohun tí mo rí sọ ò ju òjò, ebi, àti ẹrù tí wọ́n rù lórí la igbó kọjá. Kò sí nǹkan mìíràn tí ẹnikẹ́ni nílé wa kọ sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín. Àwọn tó gbọ́ ìtàn Bọ́mà lẹ́nu àwọn jagunjagun náà ti ń darúgbó, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn máa mú fọ́tò, àmì-ẹ̀yẹ àti ìtàn wọn wá. Ìwé tí wọ́n fi dá bàbá àgbà sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun wà lọ́wọ́ bùọ̀dá mi àgbà. Tí ẹ bá ti gbà, èmi ni màá kọ́kọ́ gbé e wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn