Àyà ọ̀tún tó ń dùn ọ́ nígbà nǹkan oṣù: lẹ́tà sí Àdùkẹ́

Kubwa, Àbújá

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà ní Kánò? Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé yìí: pé àyà ọ̀tún tún ń dùn ọ́, pé ó ta dé èjìká, pé o ò lè mí kanlẹ̀, àti pé ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ dé gan-an ló tún bẹ̀rẹ̀. O ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ a máa fa ikọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró de nǹkan oṣù kó tó mú ni.

Àìsàn tí ọkàn mi lọ sí ni endometriosis. Ẹran tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síbi tí kò yẹ. Inú ikùn ló ti wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè dé àyà. Omi inú ikùn sábà máa ń gba apá ọ̀tún gòkè lọ sábẹ́ iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín ikùn àti àyà, a sì máa gbé ẹran yìí dání; ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé apá ọ̀tún ló ń ṣe jù. Bí nǹkan oṣù bá dé, ẹran náà á wú, á ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó wà, á máa jẹ iṣan yẹn títí yóò fi lu ihò wẹ́wẹ́. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ lè gba ojú ara wọ ilé ọmọ, kó gba túùbù ẹyin bọ́ sínú ikùn, kó sì gba ihò yẹn dé àyà. Nígbà mìíràn, ara ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀ ló jò. Afẹ́fẹ́ tó bá há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ògiri àyà ni yóò mú kí ẹ̀dọ̀fóró súnkì bíi bàlúùnù tó jò.

Láàárín wákàtí 24 ṣáájú nǹkan oṣù sí wákàtí 72 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Láti 1958 ni àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Dókítà á bi ọ́ nípa ikọ́, á bi ọ́ nípa sìgá, ó lè má bi ọ́ nípa nǹkan oṣù rárá. Ìwọ ni kí o sọ ọ́. Má tijú, ì báà ṣe ọkùnrin ló jókòó síwájú rẹ. Kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́ tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, apá ibi tó wà, bóyá o wúkọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ tó bá ń dùn ọ́ gan-an ni kí wọ́n ya X-ray, lórí ìdúró. Bí o bá fi ọ̀sẹ̀ kan falẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lè ti fẹ̀ padà, wọn á sì ní kò sí nǹkan kan. Gba fíìmù rẹ̀, tọ́jú rẹ̀ pamọ́, má fi sílẹ̀ fún wọn.

Nílẹ̀ wa níbí, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò, pàápàá tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi nínú àyà. Jẹ́ kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ wò dáadáa. Bí wọ́n bá rí kòkòrò rẹ̀, lo oògùn oṣù 6 náà pé, má dá a dúró fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí i, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ń bá nǹkan oṣù rìn, ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò.

Bí èémí bá ń ṣe ọ́ le sí i, tí ọkàn ń lù kìkì, tí inú ètè tàbí èékánná rẹ ń ṣú, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, pàjáwìrì ni. Má wa ọkọ̀ fúnra rẹ. Má sì jẹ́ kí aládùúgbò kankan fà ọ́ lọ sọ́dọ̀ wanzami, onígbàjámọ̀ àwọn Hausa, láti fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ìwo kò lè fa afẹ́fẹ́ tó wà nínú ìgbáyà jáde, àkókò nìkan ló ń jẹ.

Ní ọsibítù, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa afẹ́fẹ́ náà, tàbí kí wọ́n ti túùbù bọ àárín egungun ìhà, kí wọ́n so ó mọ́ ìgò tó ní omi. Ìgò yẹn gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ju àyà rẹ lọ nígbà gbogbo, bí o tilẹ̀ ń lọ sí ilé ìwẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e sókè, omi lè ṣàn padà sínú àyà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń hó jáde nínú omi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí túùbù náà, torí afẹ́fẹ́ tí kò rí ọ̀nà jáde á máa kó jọ, á sì máa fún ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn mọ́.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin nìyí: ẹ̀dọ̀fóró á fẹ̀, wọ́n á dá wọn sílẹ̀, ihò á sì wà níbẹ̀. Nǹkan oṣù mìíràn dé, ó tún ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ní kí dókítà oníṣẹ́ abẹ àyà àti dókítà àwọn obìnrin jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Ọsibítù Aminu Kano ló sún mọ́ ọ jù. Níbí, a ní National Hospital àti ti yunifásítì ní Gwagwalada. Béèrè kí o tó lọ bóyá wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ abẹ àyà. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo iṣan náà wò, kí wọ́n gé ibi tó lu, kí wọ́n rán an, kí wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gé ránṣẹ́ sí láàbù. Wọ́n tún lè lẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ògiri àyà kó má bàa tún súnkì.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni oògùn tó ń dá nǹkan oṣù dúró, fún bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: dienogest 2 mg lójoojúmọ́, tàbí abẹ́rẹ́ goserelin 3.6 mg lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 28. Abẹ́rẹ́ náà a máa mú kí ooru máa bo ni, ó sì lè dín agbára egungun kù, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gún un lọ títí láìfi nǹkan mìíràn tì í. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń wá ọmọ, sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ fún ọ, torí àwọn oògùn yìí kì í sábà jẹ́ kí obìnrin lóyún lásìkò tó ń lò wọ́n.

Mo mọ̀ pé nítorí ọ̀nà Kàdúná, ọkọ̀ òfuurufú lo máa fẹ́ wọ̀ wá bá wa. Má wọ̀ ọ́ títí X-ray á fi fi hàn pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ tán, kí o sì fi ó kéré tán ọjọ́ 7 lé e. Bí ọkọ̀ bá gòkè, afẹ́fẹ́ tó há sínú àyà á máa fẹ̀ sí i, níbi tí kò sí ẹni tó máa fà á jáde.

Lọ ya X-ray náà lónìí. Fi fọ́tò fíìmù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Bàbá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá káàdì ìbánigbófò ìlera NHIA rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, sọ kíákíá ká lè fowó ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ