Sí ọmọ mi tó ń kọ eré orí tẹlifíṣàn

Àkàndé ọmọ mi,

Mo ti ka eré tí o fi ránṣẹ́ tán. O mọ ọ̀rọ̀ lò, oorun ò sì kùn mí títí mo fi kà á dé ìparí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mí, mi ò ní torí inú dídùn fi ohun tí ojú mi rí pa mọ́.

Obìnrin pọ̀ nínú eré rẹ. Ohun tí mi ò rí ni nǹkan tí èyíkéyìí nínú wọn ń wá fún ara rẹ̀. Bí ọkọ bá wọlé, wọ́n á dìde. Bó bá jáde, wọ́n á máa bi ara wọn níbo ló lọ. Ní 1985, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Alison Bechdel, ya ẹ̀dá ìtàn kan tó ní òun ò ní wo fíìmù àfi tí obìnrin méjì bá wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà ò sì jẹ́ ti ọkùnrin. Eré tó burú lè yege níbẹ̀ o. Síbẹ̀, tìrẹ ò yege.

Ti ọmọbìnrin tó ní òun ò fẹ́ yẹn ló ká mi lára jù. Ọkùnrin náà tẹ̀ lé e dé ibi iṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lóru, ó fà á lọ́wọ́ lójú àwùjọ, o sì ní kí orin ìfẹ́ máa dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di apá kẹfà, ọmọbìnrin ti ń rẹ́rìn-ín. Yọ orin yẹn kúrò kí o tún ìran náà kà, ẹ̀rù á bà ọ́. Ìwọ kọ́ lo dá a sílẹ̀, mo mọ̀. Àìmọye ọmọkùnrin ló ti kọ́ ọ nídìí tẹlifíṣàn pé bí obìnrin bá kọ̀, ńṣe ló ń ná ọjà.

Wọ́n á sọ fún ọ pé ohun tí òǹwòran fẹ́ nìyẹn. Bi wọ́n pé ta ló ń sanwó. Owó àwọn tó ń ta ọṣẹ ló gbé irú eré àtìgbàdégbà yìí ró lórí rédíò ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1930, torí wọ́n ń wá obìnrin tó wà nílé lọ́sàn-án tí wọ́n á tajà fún. Obìnrin kan, Irna Phillips, sì wà lára àwọn tó kọ ọ́ jù, nítorí náà mi ò sọ pé ẹ̀bi ọkùnrin nìkan ni.

Bí ẹnì kan bá sì ní eré lásán ni, sọ ti Brazil fún un. Ìdílé tí ọmọ wọn ò pọ̀ ló kún inú eré alẹ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn Globo. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé wo àwọn agbègbè tí Globo ti dé, wọ́n rí i pé ọmọ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bí dín kù, pàápàá àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ ti olú ẹ̀dá ìtàn. Ọdún 2012 ni iṣẹ́ wọn jáde.

Wàyí o, ìparí rẹ. Agbẹjọ́rò obìnrin yẹn pàdánù ọkọ, ó pàdánù ọmọ, ìgbà tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lara tó tù ú. Ọkọ tó ń yan àlè kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo ilé dárí jì í. Òǹwòran lè gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, kò ní gbàgbé ẹni tí o fìyà jẹ. Àwọn ọkùnrin rẹ náà ò sàn: nínà èèyàn àti níná owó nìkan ni wọ́n mọ̀, èyí tó sì ń tọ́jú ọmọ, o sọ ọ́ di aláwàdà. Bàbá rẹ ló ń wẹ̀ ọ́ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́, mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní kí gbogbo obìnrin inú eré di akọni. Ìyẹn náà máa ń sú mi. Jẹ́ kí wọ́n ṣìṣe, kí wọ́n ṣojúkòkòrò, kí wọ́n sáà ní ìdí tiwọn. Ìyá ọkọ tó ń pariwo láti ìran kìíní, kí ló ń bẹ̀rù? Bí o bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ síbẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, yọ ọ́ kúrò, kí o sì fi apá kejì ránṣẹ́ kí n tó padà síbi iṣẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ